Ojú Annerose Nínú Ìmọ́lẹ̀ Tó Yà Bàrá

Ìràwọ̀ tí a fi ń dán awò wò kì í ní ojú. Inú kọ̀ǹpútà la ti ń dá a: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, tí a óò mú ìtànṣán rẹ̀ gba inú awò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe kọjá, ká lè wọn bó ṣe yà bàrá tó. Bí awò bá dára, gbogbo ìtànṣán á pé jọ sójú kan. Bí kò bá dára, wọn á fọ́n ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí kùrukùru bo ìlú Jena ní Jámánì, èyí tó fọ́n ká lójú kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi, Volkmar Riedel, ní imú, ó sì ní ẹnu.

Ó rọra pè mí. "Wiebke, wá wò ó. Annerose ni."

Annerose ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìdí iṣẹ́ ni Volkmar wà lọ́jọ́ tó kú, kò rí i dágbére fún, ìyẹn ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn látìgbà náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn."

"Ìwọ tí o fi iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ń jẹun, o wá ń bẹ̀rù rẹ̀? Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ló rí bàìbàì. Jẹ́ kí n tún awò yìí ṣe, màá rí i kedere."

Bí iṣẹ́ wa ṣe kọ́ wa nìyẹn: ohunkóhun tó bá rí bàìbàì, awò ló lẹ́bi. Ó fi kọ̀ǹpútà sún dígí kan síwájú nínú awò náà, ó tẹ òmíràn. Ojú náà ń kéré sí i. Òórùn ọṣẹ tí Annerose fi ń fọ aṣọ gba gbogbo yàrá. Ètè rẹ̀ mì, ó sì na ọwọ́.

"Ó ń juwọ́ sí mi!" Omi ti lé ròrò sójú Volkmar. Ó tún awò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbogbo ìtànṣán pé jọ sójú kan ṣoṣo, ojú Annerose sì pòórá. A kò ṣe awò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yára dá àwọn dígí padà sípò àtijọ́. Ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀, kò sí ojú níbẹ̀ mọ́.

"Wiebke, ibo ló lọ?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìyàbàrá yẹn gan-an ni ara tí obìnrin náà rí gbé wọ̀ wá, ọkọ rẹ̀ sì ti tún un ṣe títí ó fi tán. Annerose kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹwọ́ ló kọ sí wa, bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró, ètè rẹ̀ sì ń sọ pé: "Ó tó, Volkmar. Ó tó."