Ìkẹ́olúwa, Elétí àti Àrá

Ẹ̀yin ọmọ Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní òjò, tó sì fún wa ní òrùlé.

Ìkẹ́olúwa ń gbé pẹ̀lú Ìyá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ó ní ọmọ ewúrẹ́ kan. Etí rẹ̀ gùn gbọọrọ. Elétí ni orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Àpáta funfun báláú!

Elétí lá láfún. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Olè ni ọ́!" Ìkẹ́olúwa lé e.

Ojú ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ fẹ́, fìì! Àrá kùn lókèèrè. Kùùùù...

Ìkẹ́olúwa gbé apẹ̀rẹ̀. "Ìyá àgbà, láfún wa!"

"Fi sílẹ̀! Láfún kò lẹ́sẹ̀, kò lè sá. Ìwọ lo lẹ́sẹ̀. Ó yá, wá s'úlé!"

Wọ́n sáré. Pátá, pátá, pátá! Wọ́n wọlé. Ìyá àgbà ti fèrèsé. Ó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n.

Elétí dà?

Láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣì ṣí sílẹ̀, wọ́n rí i lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń gbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wá!"

Ìyá àgbà di aṣọ rẹ̀ mú. "Rárá o! Igi tó ga ni àrá sábà máa ń sán lù. Bí a bá ti gbọ́ àrá, inú ilé là ń wà."

Omijé bọ́ lójú Ìkẹ́olúwa. "Olúwa, ṣàánú Elétí."

Ó rí igbá àgbàdo gbígbẹ lórí tábìlì. Kí ni Elétí fẹ́ràn ju láfún lọ? Àgbàdo!

Ó dúró láàárín pálọ̀. Ó mi igbá. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Etí ọ̀tún nà.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Etí òsì nà.

Elétí fò. Elétí sáré. Wùyà! Ó ti wọlé! Ìyá àgbà pa ilẹ̀kùn dé. Gbàm!

Mànàmáná kọ yẹ̀rì. GBÀRÀGÀDÀ! Ilé mì tìtì. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n kọ orin ìyìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Òjò dá. "Ṣé ká jáde, Ìyá àgbà?"

Kùùùù...

"Ṣé o gbọ́ ọ? Àrá kò tíì lọ."

Wọ́n dúró. Àrá dákẹ́. Wọ́n tún dúró pẹ́ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, igi máńgòrò ti là sí méjì. Ìkẹ́olúwa gbé Elétí mọ́ra pinpin.

Láfún ńkọ́? Ó ti di ẹ̀kọ lórí àpáta!

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "A ó tún sá òmíràn."

Elétí lá láfún. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Olè ni ọ́," ni Ìkẹ́olúwa wí. "Ṣùgbọ́n lónìí, máa lá a lọ."

Ìwọ ọmọ tó gbọ́ ìtàn yìí, Olúwa yóò jẹ́ ààbò rẹ. Ní ọjọ́ tí àrá bá ń sán, inú ilé ni yóò bá ọ, ní àlàáfíà. Àmín.