Ó Mọ̀, Ó sì Dákẹ́: Olúwaṣọ̀gá àti Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Tuntun

Ìwọ tí o ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹnì kan lè ṣubú, dúró ná. Ìwọ ni mò ń bá wí. Mu omi díẹ̀, jókòó, kí o ka ìwé kékeré yìí tán. Bí inú bá bí ọ sí mi, kò burú. Inú ti ń bí ọ kí o tó rí mi.

Ọkùnrin kan wà ní Ifangni níbí tó ń jẹ́ Olúwaṣọ̀gá. Ṣọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè-òkun tó ń ta ẹ̀rọ ìwòsàn kì í jókòó ronú gbogbo ẹ̀rọ wọn fúnra wọn mọ́. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà síta. Ẹnì kan nílùú kan á ya bí ẹ̀rọ yóò ṣe rí, ẹlòmíràn á kàn án, ẹlòmíràn á dán an wò, ilé-iṣẹ́ ńlá á wá fi orúkọ tirẹ̀ sí i lára. Lọ́dọọdún ni irú iṣẹ́ yìí ń pọ̀ sí i, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn òyìnbó ti rí i pé ẹni tó ń gbé níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀ ló mọ ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣọ̀gá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dieudonné, ọmọ Cotonou, ló jọ ń gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ kàwé, wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Ṣọ̀gá ló fi orí ara rẹ̀ ro bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tó ń mú ara ọmọ tí a bí láìpé oṣù móoru. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀dì yìí ló máa gbé orúkọ òun jáde.

Nígbà tó yá, ọjà yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè-òkun ní àwọn kò fẹ́ máa pín iṣẹ́ wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́. Ọwọ́ ẹnì kan ni àwọn fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí, láti orí àwòrán títí dé ẹ̀rọ tó parí. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí, ẹnì kan ní láti dúró síta. Dieudonné tètè rí i. Ó gbé àwòrán Ṣọ̀gá, ó yí ohun kan padà nínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa dá a mọ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì gba iṣẹ́ náà. Ṣọ̀gá kàn ń wo fóònù ni, ló bá rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí Dieudonné dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní tàn ọ́. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni! Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ mi ru, mo sì ní kí Ọlọ́run dá sẹ̀ríà fún olè yẹn. Má rò pé ẹni tí kò mọ ìbínú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ṣọ̀gá kò lọ sọ́dọ̀ olóògùn. Ó ní onígbàgbọ́ ni òun. Àdúrà ló sọ di oògùn. Láràárọ̀ ló máa ń dúró sẹ́yìnkùlé, tí á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀: “Dieudonné, ṣubú! Ojú á tì ọ́ lójú gbogbo ayé! O ò ní gbádùn ohun tó o jí!” Itọ́ á máa ta lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, á sì wọlé lọ mu kọfí.

Obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, ń gbọ́ ọ. Agbẹ̀bí ni obìnrin yìí, ó fẹ́ràn Olúwa, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ènìyàn lé lásán. Lọ́jọ́ kan ó yọ orí sókè ògiri.

“Ṣọ̀gá, o ò ní jẹ́ ká sinmi? Ta lò ń pa láràárọ̀ yìí?”

“Ọ̀tá mi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé Jésù lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, àbí ẹni tó o háyà pé kó lọ bá ẹ pààyàn?”

Inú bí Ṣọ̀gá. “Mais, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ohun tó ṣe fún mi! Ohun tí mo fi orí mi rò ló jí gbé!”

“Mo mọ̀. Gbogbo Ifangni ló mọ̀, o ti rò ó fún gbogbo wa tán. Ohun tí mi ò tíì gbọ́ kó o sọ fún Ọlọ́run ni ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi? Ṣé èmi ni mo jalè ni?” Ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Lójú tirẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé, Cotonou ló sì ń gbé.

Kò pẹ́, iṣẹ́ kan dé. Òfin ilé-iṣẹ́ òkè-òkun náà ni pé ẹni tó ya ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ àyẹ̀wò náà, wọ́n ń gbé e síta ni. Wọn kò mọ ohun tó wà láàárín àwọn ọkùnrin méjì yìí. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì Dieudonné ránṣẹ́ sí Ṣọ̀gá pé kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sọ bóyá ó ní àbùkù.

Àbùkù wà. Nínú àwòrán Ṣọ̀gá, ohun kékeré tó ń mọ bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, ìsàlẹ̀ ló wà, lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ. Dieudonné ti gbé e lọ sókè, kí olè má bàa hàn, ohun náà wá ń wo ọmọ láti òkè. Ṣọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ọmọ Ifangni ni. Ó mọ̀ pé kò sí ìyá àgbà kan láti Tchaada dé Ko-Koumolou tó máa fi ọmọ tuntun sílẹ̀ láìfi aṣọ bò ó. Bí wọ́n bá sì ti bo ọmọ, aṣọ ni ohun tó wà lókè yẹn máa rí. Á rò pé òtútù ń mú ọmọ, á sì máa fi ooru kún ooru láti ìsàlẹ̀, títí ọmọ á fi jóná.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó wá. Ó dá wọn lóhùn pé kò sí ohun tó ṣe bẹ́ẹ̀dì náà.

“Jẹ́ kó lọ,” ó wí fún ara rẹ̀. “Jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọlọ́run ti fi ọ̀tá mi lé mi lọ́wọ́.” Ó kọrin ọpẹ́. Mo ní ó kọrin ọpẹ́! Ṣé o rí ibi tí ẹ̀san ń mú ènìyàn dé? Kò ronú kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Lọ́kàn rẹ̀, Dieudonné nìkan ló dùbúlẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lọ́nà Lagbé, kí wọ́n fi dán an wò. Níbẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ti ń ṣiṣẹ́, ó sì rí orúkọ Ṣọ̀gá nínú ìwé àyẹ̀wò tó bá ẹ̀rọ náà wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbẹ̀bí náà pe Ṣọ̀gá lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ṣọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì tó o yẹ̀ wò ti gba àlejò o! Obìnrin kan láti Ko-Koumolou ló bímọ láìpé oṣù. Wá wò ó, ọmọ náà kéré bí ẹyẹ.”

Ṣọ̀gá gun alùpùpù rẹ̀ kíá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ gba ọmọ là. Ó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i ni.

Ó bá ìyá ọmọ náà, Samiratou, lórí ibùsùn, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń tòògbé. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì kékeré náà. Rẹ̀mílẹ́kún kí Ṣọ̀gá, ó fún un ní bẹ́ńṣì, ó sì sáré lọ sí yàrá kejì, nítorí obìnrin míràn ń rọbí níbẹ̀.

“Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀ ní ìhòòhò,” ni ìyá àgbà ń kùn. Ó tú aṣọ tó wà ní èjìká rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi bo ọmọ náà dáadáa.

Ṣọ̀gá rí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Kò sọ ọ́. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún, ó ń gbọ́ igbe wẹ́wẹ́ tí ọmọ ń ké lábẹ́ aṣọ.

Ìyá àgbà yíjú sí i. “Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo yẹ ẹ̀rọ yìí wò fún wa.”

“Èmi ni, ìyá.”

“O ṣé o. Ọlọ́run ò ní gbàgbé ẹ. Gbogbo ẹni tó bá ń wá ìṣubú ẹ, Ọlọ́run á bá ẹ mú wọn.” Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń retí kí Ṣọ̀gá ṣe àmín.

Àdúrà tó ń wá láràárọ̀ rèé, ẹlòmíràn ló ń gbà á fún un. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n àmín há sí i lọ́fun. Obìnrin yìí ń bẹ Ọlọ́run kó bá Ṣọ̀gá mú ọ̀tá rẹ̀, ọmọ-ọmọ obìnrin náà sì ni Ṣọ̀gá ń fi ṣe ẹbọ. Bẹ́ẹ̀ ni igbe ọmọ náà dáwọ́ dúró.

“Yéè! Ẹ gbé e! Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀!” Ṣọ̀gá fò dìde, ó fa aṣọ náà kúrò, ó sì gbé ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ti pọ́n, awọ ti ń bó. Rẹ̀mílẹ́kún sáré wọlé, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń pe Jésù. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó ké. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ké.

Samiratou ti jí. Ó rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. “Kí ló ṣe é? Ta ló ṣe ẹ̀rọ burúkú yìí?”

Orúkọ náà ti dé ẹnu Ṣọ̀gá. Òótọ́ ni ì bá sì jẹ́! Dieudonné ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Kó kàn sọ ọ́ jáde, ẹ̀san dé nìyẹn, òun náà á sì di akíkanjú tó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láyé pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ẹlòmíràn ló yà á,” ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Kó tó dé ibí ni mo ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fi aṣọ bo ọmọ, á jó o. Mo jókòó níbí, mo rí ìyá tí wọ́n ń bò ó. Mo dákẹ́.”

“Ẹ mọ̀?” ni Samiratou wí.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jókòó, ẹ ń wò ó?”

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. “Háà! Èmi tí mò ń gbàdúrà fún ẹ!”

“Ẹ jáde,” ni Samiratou wí. Kò pariwo. “Mi ò lágbára láti nà yín. Màá fi yín sun Ọlọ́run. Lójoojúmọ́ ni màá máa dárúkọ yín fún un, títí á fi bi yín léèrè ọmọ mi.”

Ṣọ̀gá jáde. Nígbà tí ara ọmọ rọlẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún bá a níta. Kò fọwọ́ lé e léjìká.

“Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá ẹ létí,” ó wí.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣègbé.”

“O ti ṣègbé lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó o sọ òótọ́ nípa ara ẹ nìyí. O ní kí ẹ̀san sọ̀kalẹ̀. Bó bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, orí ta ló máa bà lé kó tó dé Cotonou?”

“Orí mi ni.”

“Ó ti sọ̀kalẹ̀ rí, Ṣọ̀gá. Orí Jésù ló bà lé, lórí àgbélébùú. Ohun tó tọ́ sí ẹ nítorí ọmọ yẹn, òun ló gbà á. Tó o bá kọ̀ ọ́, wàá gba tìẹ fúnra ẹ.”

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, láàárín àwọn alùpùpù tí wọ́n gbé síwájú ilé náà, tí àwọn èèyàn ń wò ó. Kò dárúkọ Dieudonné. “Jésù, apànìyàn ni mí,” ó wí. “Ṣàánú mi. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè sá sí.” Ó sunkún títí, ó sì dìde ní ẹni ìgbàlà.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló jẹ́wọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n dá bẹ́ẹ̀dì náà dúró, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ṣọ̀gá. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó tún ń gbé iṣẹ́ fún un. Dieudonné tún àbùkù náà ṣe, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára bẹ́ẹ̀dì náà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò sì tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn mí o! Ṣùgbọ́n bí kò bá ronú pìwà dà, Ọlọ́run mọ ilé rẹ̀, kò sì ní wá sí Ifangni wá bẹ Ṣọ̀gá lọ́wẹ̀.

Ṣọ̀gá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Samiratou ní Ko-Koumolou. Obìnrin náà yí ẹ̀yìn ọmọ sí i kó lè rí àpá rẹ̀. Kò tíì dárí jì í. Ó ní òun ṣì ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣọ̀gá kò bá a jiyàn, nítorí gbogbo ohun tó ń sọ nípa rẹ̀, òótọ́ ni. Ó kàn mọ ẹni tó gba ẹjọ́ náà rò fún òun.

Ìwọ ńkọ́? O ń dárúkọ ẹnì kan. Ṣé ó ti yé ọ pé ẹnì kan ń dárúkọ tìrẹ náà? Obìnrin tí o fún lóyún tí o sá lọ. Ọmọ òrukàn tí o gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ tí o purọ́ mọ́. Ó wà lórí eékún rẹ̀ lónìí, kò sì bù mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ọlọ́run ń gbọ́. Bó bá dìde láti dá a lóhùn, níbo lo máa gbà?

Jésù nìkan ni ibi ìsásí tó kù. Má dúró de ọjọ́ Ìsinmi, má sì dúró dìgbà tí ọ̀tá rẹ bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yẹn, la ẹnu rẹ, kí o jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Gba Jésù gbọ́. Ṣe é lónìí, nítorí ẹni tí o ṣẹ̀ kò ní dákẹ́.