Fóòmù Tó Kọ̀ Tí Kò Gbẹ

Wọ́n sin ìyá Nọ́ọ̀sì, wọn ò sọ fún un. Ọmọ bíbí inú obìnrin náà ni, kì í ṣe ará àdúgbò. Òkè òkun ló wà, níbi tó ti lọ gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kó lè padà wá fi tọ́jú àwọn ará ilé. Gbogbo ìgbà tó bá pè, wọ́n á ní Màmá ń sùn. Oorun wo ló gùn tó báyẹn? Ọjọ́ tó dé, tó di ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ mú, ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tó bú sẹ́kún.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin jókòó sórí àga, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Látìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò tíì wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìdánwò lò ń ṣe lọ́wọ́," ló wí. "Tá a bá sọ, wàá já a sílẹ̀."

"Bùrọ̀dá, ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi rò ó?"

"Dókítà kékeré, fara balẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ má fi oyè dí mi lẹ́nu. Ọjọ́ wo ni Màmá kú?"

Àbúrò rẹ̀ dárúkọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá Nọ́ọ̀sì ni, ló bá ròyìn rẹ̀ fún wọn.

Níbi tó ti kàwé, ọmọlangidi ni wọ́n fi ń dán nọ́ọ̀sì wò. Ó tóbi tó èèyàn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń sọ. Olùkọ́ á jókòó sẹ́yìn dígí, á máa fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ jáde láti ẹnu ọmọlangidi náà. Dandan ni kéèyàn máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́mìí. Ẹni tó bá dákẹ́ ti fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní aláìsàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ni. Kò gbọ́dọ̀ mu omi.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Rọ́bà kì í gbóná bẹ́ẹ̀.

"Omi," ni ọmọlangidi wí. "Ọ̀fun mi ti gbẹ, ọmọ mi."

Yorùbá ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nílé ìwé yẹn. Ẹnu Nọ́ọ̀sì ti dáhùn kó tó ronú: "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹ jẹ́ n fi èyí rin ètè yín." Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí fóòmù búlúù wà lórí rẹ̀, ó tì í bọ omi, ó fi kan ètè rọ́bà náà. Ètè náà fà á mu. Ó fà á títí tó fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó jáde, olùkọ́ ní, "O ṣe dáadáa. Àmọ́ ta lò ń dá lóhùn? Ẹ̀rọ ohùn yẹn ti bàjẹ́ láti àárọ̀." Wọ́n wá fóòmù náà títí, wọn ò rí i.

Bí Nọ́ọ̀sì ti sọ èyí tán, àbúrò rẹ̀ ò sunkún mọ́.

"Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún Màmá," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dókítà ní ká má fún wọn lómi. Màmá bẹ̀ wá débi pé a jáde síta, a ò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́. Ìgbà tá a padà wọlé, wọ́n ti kú. Ètè wọn rin gbingbin fún omi."

"Panu mọ́," ni Bùrọ̀dá wí.

"Mo ti panu mọ́ tó." Ó wọ yàrá, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. "Ẹnu Màmá la ti yọ ọ́. Ọsibítù ní àwọn ò ní irú ẹ̀."

Igi tẹ́ẹ́rẹ́. Fóòmù búlúù. Oṣù ti gorí oṣù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà sẹ́yìn tàgatàga. Ibẹ̀ ló ti yé Nọ́ọ̀sì pé kì í ṣe torí ìdánwò kankan ni wọn ò fi sọ fún òun.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé, Bùrọ̀dá. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àbí?"

"Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi." Bùrọ̀dá ṣì tẹjú mọ́lẹ̀. "Lẹ́yìn náà ló yíjú."

"Ẹ̀rù mi ló ń bà yín. Ìyẹn lẹ ṣe sin ìyá mi láìsí mi. Inú ìdánwò ni mo wà, wọ́n rí mi níbẹ̀. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ojú ta lẹ rí, kí ló sì ń ṣe lẹ́nu ìyá mi?"