Orin Tí Wọ́n Rà Pátápátá

Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ní Surulere ni Ìrètí ti kọ́kọ́ rí i: ọkùnrin gíga kan tí òjò ti pa, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ fi wé kọ̀ǹpútà. Òun ń gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà ò tutù rárá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orin ni mo gbé wá." Jídé lorúkọ rẹ̀, Mushin ló ti wá.

Iṣẹ́ Ìrètí ni láti máa yẹ orin tí wọ́n fi ń polówó fíìmù wò, kó mọ èyí tó ṣeé tà. Ariwo ààrá inú irú orin bẹ́ẹ̀ ti sú u. Ṣùgbọ́n nínú orin Jídé, gbogbo ariwo dákẹ́ lójijì, obìnrin kan wá ń kọrin láìla ẹnu, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ojú Ìrètí kún fún omijé.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi ni. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n lọ wá iṣẹ́ ṣe."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìrètí, tíṣà àgbà ní Yaba, fárígá nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. "Olórin tí kò rí orin tà? Kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí."

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fíìmù kan fi ní àwọn fẹ́ ra orin náà pátápátá, káwọn lè lò ó bó ṣe wu àwọn.

"Ohùn ìyá mi mà ni, Ìrètí."

"Olólùfẹ́ mi, tà á. Nítorí tiwa."

Jídé tà á. Bàbá rọ̀. Àfi bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fi ohùn ìyá Jídé sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa èèyàn nípakúpa nínú ìpolówó fíìmù wọn. Oníbàárà kan tó wá ránṣọ ló fi ìpolówó náà han ìyá Jídé lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni Jídé kò ti gbé ìpè Ìrètí mọ́.

Ìrètí bẹ ilé-iṣẹ́ náà títí pé kí wọ́n yọ ohùn náà kúrò. Wọ́n ní ohun táwọn ti rà ti di tàwọn. Ló bá gba Mushin lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Jídé.

"Mà, èmi ni mo ní kó tà á. Mi ò tiẹ̀ bi yín léèrè."

Ìyá dá ẹ̀rọ dúró. "Orin tí mo fi ń rẹ àbúrò Jídé lẹ́kún nìyẹn, kó tó kú." Wọ́n nawọ́ sí Ìrètí. "Dìde, ọmọ mi. Orúnkún á dùn ọ́."

Jídé ló sìn ín dé ojú títì. "Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí o."

"Mo mọ̀. Ó máa dun èmi náà títí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Màá fẹ́ ọ."

Jídé gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ sọdá.