Itọ́ Tí Ìyá Kọ́lájọ Tu

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Kọ́lájọ, orí àfárá pákó ló jókòó sí ní Zion Pepe, abúlé orí omi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìkùukùu òwúrọ̀ bo omi mọ́lẹ̀ débi pé ó dà bíi pé ojú ọ̀run ló na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí. Èmi nọ́ọ̀sì tó wọkọ̀ láti Igbókòdá wá gba itọ́ àwọn èèyàn fún àyẹ̀wò, mo gbàgbé iṣẹ́ tí mo wá ṣe.

“Itọ́ kẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, nọ́ọ̀sì?”

Mo ṣàlàyé fún un pé bí èrìgì bá ń wú lábẹ́lẹ̀, itọ́ a máa fi hàn, irú wíwú bẹ́ẹ̀ sì lè bá iṣan ọkàn jà. Kì í ṣe ìdájọ́ o, ó kàn ń tọ́ka sí ẹni tó yẹ kó tètè rí dókítà. Ẹnu ń sọ ti itọ́, ojú ń sọ nǹkan mìíràn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Nígbà tí a ní a fẹ́ fẹ́ra, bàbá mi ló ta kò ó. Ó gbọ́ pé inú ọkọ̀ ni bàbá Kọ́lájọ ti di àyà mú, tó sì kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò bàbá náà ọkùnrin ṣe lọ.

“Ṣèyífúnmi, n kò tọ́ ọ kí o lọ di opó. Ẹ kọ́kọ́ fi itọ́ yín yẹn yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

Kí èèyàn tó fi nǹkan kan ẹnu láàárọ̀ la máa ń gba itọ́ yẹn, Kọ́lájọ á sì ti wà lójú òkun nígbà náà. Mo fi ìgò sílẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ló gbé e fún mi lọ́jọ́ kejì, kò wojú mi.

Èsì dé, kò dára. Kọ́lájọ tí kò mọ irọ́ pa ló lọ sọ fún bàbá mi fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Kọ́lájọ pè mí wá sílé wọn.

“Olólùfẹ́ mi, fẹ́ ẹlòmíràn. N kò ní lè fara da kí o máa sunkún lórí mi.”

Ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja gbọ́. Ó dìde.

“Ọma mi, itọ́ rẹ kọ́. Itọ́ mi ni.”

Kọ́lájọ bi í ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ta ní í fi itọ́ ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́? Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ibi, kí wọ́n fi tèmi ṣe é.”

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ìgbà tí mo rí Kọ́lájọ lórí ìkúnlẹ̀, tó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ló tó yé mi pé ìyá ni èsì burúkú náà bá.

“Iye, ṣé àyà máa ń dùn yín ni?”

“Ó máa ń dùn mí. Ta ni n bá sọ fún?”

A gbé e wọkọ̀ lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ náà. Dókítà dá a dúró, Kọ́lájọ sì tutọ́ tirẹ̀ sínú ìgò lójú gbogbo wa.

Bàbá mi wá kí ìyá náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ má bínú. Ẹ̀rù àwọn ọkùnrin ilé yín ló ń bà mí.”

“Ó yẹ kó bà yín,” ni ìyá dáhùn. “Ó ba èmi náà, ó sì ṣẹ sí mi lára. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún ní kí n wá fẹ́ bàbá Kọ́lájọ lónìí, màá wọkọ̀.”

Èsì Kọ́lájọ kò tíì dé nígbà tí bàbá mi yíjú sí i, tó bi í léèrè ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá tọrọ mi.