Fọ́ọ̀mù Tó Sùn Nínú Báàgì

Ọjọ́ tí Oníwáyà kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì Akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ìjọba ti ṣòfin pé gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí lẹ́tà àwọn oníjìbìtì lè dín kù. Èyí tí kò bá forúkọ sílẹ̀, kò ní lè ránṣẹ́, kò sì ní rí gbà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Oníwáyà ní nínú yàrá ìyá rẹ̀, òun ló ń gbé lẹ́tà ẹbí wọn.

Ó bi í pé ṣé òun jọ oníjìbìtì ni. Akọ̀wé wo wáyà tó ń yọjú lápò rẹ̀, ó ní ó jọ ẹni tí ebi ń pa. Ni ẹ̀rín bá sọ. Kí oṣù tó parí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán kan ni Akọ̀wé ti gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ Oníwáyà, ó ní kó má wulẹ̀ tò mọ́, òun á tẹ̀ ẹ́ wọlé fún un. Ìfẹ́ ń pa á bí ọtí. Fọ́ọ̀mù sùn sínú báàgì Akọ̀wé, gbèdéke sì kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Oníwáyà wà lókèèrè, àìsàn ti gba ohùn lọ́fun rẹ̀, lẹ́tà nìkan ló lè kọ. Ó kọ ọ́ pé kí àbúrò òun tètè wá. Lẹ́tà náà kò wọlé. Nígbà tí ìyá fi máa gbọ́, wọ́n ti sin ín.

Oníwáyà ní òun lòun kọ fọ́ọ̀mù náà lódì. Akọ̀wé rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sọ pé inú báàgì òun ni fọ́ọ̀mù náà wà. Ìyá Akọ̀wé, tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ní kó panu mọ́, òótọ́ kì í jí òkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò jẹ́ kó lè ju fọ́ọ̀mù náà nù.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹbí méjèèjì pàdé nítorí ìgbéyàwó wọn, Akọ̀wé kúnlẹ̀ níwájú Oníwáyà àti ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ni kò tẹ fọ́ọ̀mù náà wọlé.

"Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń bú ara mi," ni Oníwáyà wí, "o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Oníwáyà jáde síta.

"Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé," ni ìyá Oníwáyà wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń sunkún, ìwọ lo ń nu ojú rẹ̀, o ò sì sọ fún un."

Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Ìyá Akọ̀wé wá bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun ní kó dákẹ́. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á bá ìyá Oníwáyà jókòó, Oníwáyà á sì wọ yàrá lọ. Ní oṣù karùn-ún, Oníwáyà kò wọ yàrá mọ́. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán."

"Mo mọ̀."

"Inú ilé tá a jọ máa gbé ni mo ti fẹ́ parí ẹ̀, olólùfẹ́ mi."