Èèrà Lórí Àtẹ̀gùn

Orí Kaosarah ti fọ́. Ó dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù lọ́nà Sekona, ẹ̀jẹ̀ sì kán láti òkè àtẹ̀gùn títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún péré! Inú bí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláyẹmí.

Afọlábí, olùdarí eré tí gbogbo Ẹdẹ fi ń yangàn, ń sunkún.

"Mubarakah ló tì í láti òkè, mà. Àná ni wọ́n jà."

Wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Mubarakah lọ́wọ́. Òun ló ń kun ojú àwọn òṣèré. Ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére ló wà níwájú rẹ̀ báyìí.

"Kí lẹ jà lé lórí?"

"Mo ní kó sá kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí, mà. Ó ní òun ò sá, òun máa sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Mubarakah wo Afọlábí, ó yára gbójú kúrò.

Ọláyẹmí kọjú sí Usamah, òṣèré tó ń ṣe ọkọ Kaosarah nínú eré. "Ìwọ lo máa ń gbá a létí."

"Eré ni, mà! Ìlú Awo ni mo sùn mọ́jú, nílé àwọn àna mi."

Ọláyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèrà tò lọ bẹẹrẹ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń lá ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n eṣinṣin nìkan ló bo orí Kaosarah, èèrà kan ò débẹ̀. Ó fìka kan ẹ̀jẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbóòórùn rẹ̀. Sobo àti ṣúgà.

"Ta ló po èyí?"

"Èmi ni, mà, ti eré ni," Mubarakah fèsì. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í jẹ́ ká dà á. Wọ́n ní ọwọ́ wa ò mọ ẹ̀jẹ̀ í dà. Inú mọ́tò wọn ni wọ́n máa ń ti ìgò rẹ̀ mọ́."

Usamah ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Àpá bẹ́líìtì kún ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọwọ́ kan ìgò yẹn."

"Afọlábí, mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá."

Ìgò náà ti ṣófo nínú búùtù. Ẹsẹ̀ irin kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun Kaosarah lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹkún Afọlábí dá wáí.

"Ó ní òun máa tú àṣírí mi, pé mo ń lù wọ́n. Èmi tí mo sọ ọ́ dèèyàn! Mo la irin mọ́ ọn lórí lẹ́yìn ilé. Ó ṣì ń pariwo, mo tún là á mọ́ ọn. Mo wá wọ́ ọ wá síbí."

"Kí lo wá ń da ẹ̀jẹ̀ eré sórí àtẹ̀gùn fún?"

Afọlábí wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà rí i fín. "Ta ló máa gbà pé ó já láti òkè bí àtẹ̀gùn bá mọ́? Kò ní jọ òótọ́."

Ọláyẹmí tú Mubarakah sílẹ̀. Mubarakah ò dúpẹ́. Ó rìn tààrà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó gbá a lẹ́nu, eyín fò yọ. Ọláyẹmí ṣe bí ẹni tí kò rí i.